Ṣé Wọ́n Ti Sọ fún Ìyá Rẹ̀?

“Lọ bá mi wo ọ̀nà,” Ìyá Àgbà wí, “bóyá ìyá rẹ ti ń bọ̀.”

Orí àpótí ni wọ́n jókòó sí nídìí ààrò. Ewé eéran tí wọ́n ti ṣẹ́ pọ̀ wà lọ́wọ́ òsì wọn, wọ́n fi igbá kékeré bu ẹ̀kọ gbígbóná sínú rẹ̀, ooru ń rú lọ sójú wọn. Wọn ò wò mí nígbà tí wọ́n sọ ọ́. Wọ́n pọ́n ẹ̀kọ náà, wọ́n fi àtàǹpàkò ti ìdí ewé wọlé, wọ́n tò ó sórí atẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tó kù, ọwọ́ wọn sì ti wà lórí ewé mìíràn. Èmi ń fọ ewé nínú bàsíà. Mo dúró, omi ń kán lọ́wọ́ mi. Ìyá mi ti kú kí n tó lè sọ̀rọ̀ já gaara. Mo rò pé ẹlòmíràn ni wọ́n ń wí, mo bá bi wọ́n pé ìyá ta. Wọ́n pòṣé. Wọ́n ní ìyá mi ni, ta ni ì bá tún jẹ́, ṣebí ó sọ fún àwọn pé òun ò ní pẹ́ ní Olódò.

Mo lọ wo ọ̀nà. Wọ́n rán mi níṣẹ́, mo jẹ́ ẹ. Ilẹ̀ pupa ni ọ̀nà abúlé wa, ìdí igi máńgòrò sì ni èèyàn ti lè rí ẹni tó bá ń bọ̀ láti Erunmu, níbi tí ọkọ̀ Olódò ń já èrò sí. Ọ̀kadà kan kọjá tòun ti ìdì ọ̀gẹ̀dẹ̀ lẹ́yìn, eruku bò mí. Mo dúró títí. N ò ní purọ́ fún yín, mo wo ọ̀nà yẹn tọkàntọkàn. Ọmọdé ni mí, àgbàlagbà tí mi ò gbọ́ àṣìsọ lẹ́nu rẹ̀ rí ló sì rán mi.

Ìyá Àgbà ló bí ìyá mi. Bàbá mi ti bá tiẹ̀ lọ, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀. Ọwọ́ Ìyá Àgbà ni mo dàgbà sí, nílé ọmọkùnrin wọn, ẹ̀gbọ́n ìyá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Bọ̀ọ̀dá. Àgbẹ̀ ni Bọ̀ọ̀dá, wọn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, wọn kì í sì í pa ìrun jẹ. Ìyàwó wọn ni mò ń pè ní Àǹtí. Ẹ̀kọ ni Ìyá Àgbà ń ṣe. Bí wọ́n bá ti kírun Àsùbáà tán, wọ́n á dáná, wọ́n á máa kọ wákà lábẹ́nu, orógùn á máa lu etí ìkòkò. Ọjọ́ tí wọ́n bá sẹ́ ògì, òórùn omi kíkan yẹn á gba ilé kan, á wọ inú aṣọ, á tẹ̀ lé mi dé ilé ìwé. Àwọn ẹgbẹ́ mi a máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí rẹ̀. N kì í bá wọn jà. Bí mo bá ń gbọ́ òórùn náà, ọkàn mi máa ń balẹ̀.

Ẹ̀kọ tí ò bá tà, wọn kì í dà á nù. Láàárọ̀, wọ́n á tú ewé rẹ̀, wọ́n á rún un, wọ́n á dà á padà sínú ìkòkò pẹ̀lú ògì tuntun, wọ́n á rò ó, wọ́n á tún un pọ́n sínú ewé tuntun. Mo bi wọ́n lọ́jọ́ kan pé èwo ni tàná nínú ẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ó ti di ọ̀kan, kí n wá a jáde bí mo bá lè rí i.

Ẹ má bínú pé “ó” ni màá máa pe ìyá mi. Ẹnu Ìyá Àgbà ni mo ti mọ̀ ọ́n, ọmọ sì ni níbẹ̀. Èmi gan-an ti dàgbà jù ú lọ báyìí. Télọ̀ ni ní Olódò, ó máa ń wálé lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ibà ló mú un lọ. Ọjọ́ tó kú náà ni wọ́n sin ín sí ẹ̀yìn mọ́sálásí abúlé wa. Wọ́n ti sáré mú Ìyá Àgbà lọ sílé àbúrò wọn ní abúlé mìíràn kí wọ́n tó gbé òkú dé. Lọ́dọ̀ tiwa, òbí kì í dé ibi tí wọ́n sin ọmọ rẹ̀ sí, ẹnikẹ́ni kì í sì í júwe rẹ̀ fún un. Ìgbà tí wọ́n máa fi mú wọn padà wálé, wọ́n ti gbálẹ̀, wọ́n ti ká ẹní. Sàréè pọ̀ lẹ́yìn mọ́sálásí yẹn, ilẹ̀ lásán ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ẹgbẹ́ ibẹ̀ ni Ìyá Àgbà ń gbà lọ sọ́jà ní gbogbo ọdún yẹn, wọn ò mọ èwo ni. Etí ni wọ́n fi gbọ́ pé ọmọ wọn kú, wọn ò fojú rí nǹkan kan.

Nǹkan kan ṣoṣo ni mo ní tó jẹ́ ti ìyá mi. Fọ́tò kan wà nínú àpótí, àmọ́ òjò ti wọ̀ ọ́, ibi tí ojú rẹ̀ yẹ kó wà ti di funfun. Ohun tí mo ní ni ìrántí kan. Obìnrin kan ró aṣọ búlúù, ó bu ẹ̀kọ gbígbóná díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, ó ń fẹ́ ẹ, fúù, fúù, ó wá gbé e sí mi lẹ́nu. Àpá iná kan wà lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀, ó fẹ̀, ó ń dán. N ò rí ojú rẹ̀. Bí mo bá ti dùbúlẹ̀, màá mú un jáde, màá wò ó, màá tó sùn. Bí ọmọ kan bá fi ìyá rẹ̀ yangàn níwájú mi, mo mọ ohun tí mo fi pamọ́ sọ́kàn.

Yàtọ̀ sí ìyẹn, ẹnu Ìyá Àgbà ló kù. Ẹlòmíràn kì í dárúkọ rẹ̀ nílé wa, òkú ọ̀dọ́ kì í ṣe ohun tí wọ́n ń fi ṣeré. Ṣùgbọ́n bí mo bá ń fọ ewé, tí kò sì sí ẹnìkan nítòsí, Ìyá Àgbà á sọ fún mi pé olórí kunkun ni, pé bó bá ń rẹ́rìn-ín, á fọwọ́ bo ẹnu, pé èèpá ìsàlẹ̀ ìkòkò ló máa ń bá wọn jà sí. Màá ní kí wọ́n tún un sọ. Wọ́n á tún un sọ. Ẹ wá wo bí àyà mi ṣe já nígbà tí mo rí i pé nǹkan ti ń jò lọ nínú orí wọn.

Ohun tí ò sì yé mi ni èyí tó ń jò lọ àti èyí tó dúró. Wọ́n á kírun tán, wọ́n á tún lọ ṣe àlùwàlá. Wọ́n á gbé ìkòkò kaná, wọ́n á lọ jókòó síta, ẹ̀kọ á jóná. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti mú ewé lọ́wọ́, ọwọ́ wọn ò gbàgbé nǹkan kan, gbogbo ẹ̀kọ dọ́gba. Wọ́n rántí ẹni tó lu wọ́n nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé. Wọ́n rántí ìyá mi láti orí dé ẹsẹ̀. Ikú rẹ̀ nìkan ni wọ́n gbàgbé.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Ìyá Àgbà bi Bọ̀ọ̀dá bí wọ́n ṣe ń ti oko dé: ṣé wọn ò pàdé àbúrò wọn lọ́nà ni? Bọ̀ọ̀dá gbé àdá kalẹ̀. Wọ́n ní, “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yé wá a mọ́. Ó ti kú. Ó ti pẹ́.”

“Ta ló kú?”

“Ọmọ yín ni.”

Igbá bọ́ lọ́wọ́ Ìyá Àgbà. Ẹkún àgbàlagbà kì í ṣe ohun tó yẹ kí ọmọdé gbọ́, èmi sì gbọ́ ọ. Wọ́n da ara wọn sílẹ̀, gèlè wọn ṣí lọ, wọ́n ń fi orí gbá ilẹ̀, wọ́n ń bi Ọlọ́hun pé kí ló dé tí kò mú àwọn. Àwọn obìnrin àdúgbò sáré dé, wọ́n ń béèrè ẹni tó kú. Nígbà tí Àǹtí sọ fún wọn pé ti àtijọ́ náà ni, wọ́n ń wo ara wọn lójú. Wọn ò mọ bí wọ́n ṣe máa kí Ìyá Àgbà. Ọ̀kan nínú wọn wá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tì wọ́n, ó ní Ọlọ́hun á rẹ̀ wọ́n lẹ́kún, bó ṣe wí ní ọdún tí ọ̀rọ̀ náà ṣẹ̀.

Ilẹ̀ mọ́, wọ́n kírun, wọ́n dáná. Wọn ò rántí nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ọwọ́ wọn ò yá, wọn ò kọ wákà. Wọ́n ń fọwọ́ kan ìpéǹpéjú wọn tó wú. Wọ́n ní, “Ó ń ṣe mí bí ẹni tí wọ́n nà. Ta ló nà mí?” Mo wo Àǹtí, Àǹtí wo ilẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ti kúrò lórí wọn, ìbànújẹ́ rẹ̀ ò tẹ̀ lé e lọ. Ó jókòó sínú wọn láìní orúkọ, wọn ò sì mọ ohun tí wọ́n máa sunkún lé lórí.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, wọ́n tún béèrè. Bọ̀ọ̀dá tún sọ ọ́. Ó tún di ẹkún bí ẹni pé òní ló ṣẹlẹ̀. Báyìí la ṣe ń bá a lọ, títí Àǹtí fi kúnlẹ̀ níwájú ọkọ wọn ní ìta gbangba.

“Ẹ dákun,” Àǹtí wí. “Ẹ̀ ń pa ọmọ náà fún wọn lójoojúmọ́.”

Bọ̀ọ̀dá ní àwọn ò lè purọ́ fún ìyá tó bí àwọn, pé kí ni àwọn máa wí níwájú Ọlọ́hun. Síbẹ̀ wọn ò sọ ọ́ mọ́. Bí Ìyá Àgbà bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè, wọ́n á dìde, wọ́n á bọ́ síta. Àwa yòókù ló ń dáhùn pé ó wà ní Olódò, ó ń bọ̀.

Ẹ má rò pé ìyẹn mú àlàáfíà wá. Ẹ̀kọ ńlá kan ni Ìyá Àgbà ń pọ́n sọ́tọ̀ fún ìyá mi, wọ́n á dé e mọ́ abẹ́ igbá. Wọ́n á jókòó sórí pèpéle, wọ́n á kọjú sí ọ̀nà, títí wọ́n á fi pe ìrun Màgàríbì. Lákọ̀ọ́kọ́, inú wọn máa ń dùn bí wọ́n bá ń retí rẹ̀. Nígbà tó yá, ó di ìbínú. Nígbà tó tún yá, wọn ò bínú mọ́, wọ́n kàn ń wo ọwọ́ wọn. Mo jókòó tì wọ́n lọ́jọ́ kan, wọ́n sì rọra sọ ọ́ sí mi létí. “Ọmọ yìí ti gbàgbé mi,” wọ́n wí. Láàárọ̀, Àǹtí á yọ ẹ̀kọ ńlá náà lábẹ́ igbá, á rún un padà sínú ìkòkò.

Bọ̀ọ̀dá ni ara wọn ò gbà á. Wọ́n ní àwa la fà á. Wọ́n ní bí Ìyá Àgbà bá ti rí sàréè náà láti ìgbà yẹn ni, ojú wọn ì bá ti sọ fún ọkàn wọn, ọkàn wọn ì bá sì ti gbà. Àwọn àgbà ilé ní èèwọ̀ ni, kí wọ́n má dán an wò. Bọ̀ọ̀dá bi wọ́n pé kí ló kù tó tún lè ṣẹlẹ̀ sí obìnrin yìí. Lẹ́yìn ìrun Aláàsárì, Bọ̀ọ̀dá di ìyá wọn lọ́wọ́ ọ̀tún mú, èmi di ọwọ́ òsì mú, a gba ẹ̀yìn mọ́sálásí lọ.

Bọ̀ọ̀dá ti fi búlọ́ọ̀kù yí sàréè náà ká lọ́jọ́ tó ṣáájú, kó lè hàn. Koríko ti hù bò ó. Ìyá Àgbà wò ó. Wọ́n béèrè ẹni tí wọ́n sin síbẹ̀. Gbogbo ohun tí Bọ̀ọ̀dá ti pèsè láti sọ ò jáde.

“Ọmọbìnrin kan ni, Màmá. Ọ̀dọ́ ni.”

“Lá ìláhà ílá Lọ́ọ̀,” Ìyá Àgbà wí. Wọ́n rọra kúnlẹ̀, wọ́n ń fa koríko ibẹ̀ tu lẹ́yọ lẹ́yọ, wọ́n ń tò ó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ewé ẹ̀kọ. Wọn ò sunkún. Wọ́n ń ṣàánú ọmọ ọlọ́mọ. Ó ṣe díẹ̀, wọ́n gbé ojú sókè.

“Ìyá rẹ̀ ńkọ́? Ṣé wọ́n ti sọ fún ìyá rẹ̀?”

Bọ̀ọ̀dá ní, “A ti sọ fún wọn.”

“Ẹ má jẹ̀ẹ́ kó débí o,” Ìyá Àgbà wí. “Ẹ mú un lọ sílé ẹlòmíràn. Ìyá kì í rí i. Kò ní lè gbé e.”

Bọ̀ọ̀dá kọjú sí ògiri mọ́sálásí, èjìká wọn ń gbọ̀n. N kò rí i kí Bọ̀ọ̀dá sunkún rí ṣáájú ọjọ́ náà. Ìyá Àgbà gbọn iyẹ̀pẹ̀ kúrò ní eékún, wọ́n di ọwọ́ mi mú, wọ́n ní ká máa lọ sílé kíákíá kí ìyá mi má baà dé kó má bá ẹnìkan nílé.

Ọyẹ́ ti ń mú nígbà tí èyí tó kẹ́yìn ṣẹlẹ̀. Mò ń bọ̀ láti ilé ìwé pẹ̀lú yúnífọ́ọ̀mù búlúù mi, mo ti ga díẹ̀ sí i lọ́dún yẹn. Ìyá Àgbà wà lórí pèpéle. Mo rí wọn tí wọ́n dìde, tí wọ́n di òpó mú. Wọ́n pè mí. Oríkì ìyá mi ni wọ́n fi pè mí.

“O dé,” wọ́n wí. “O mà pẹ́ o.”

Mo wo Àǹtí lẹ́nu ọ̀nà. Àǹtí mi orí sí mi. Mo kúnlẹ̀, mo ní mo ti dé, Màmá. Wọ́n mú mi lọ sídìí ààrò, wọ́n bu ẹ̀kọ gbígbóná sí àtẹ́lẹwọ́ wọn, wọ́n fẹ́ ẹ, fúù, fúù, wọ́n gbé e sí mi lẹ́nu. Iná tàn sí àpá tó wà lọ́rùn ọwọ́ wọn, níbi tí ìkòkò ti jó wọn láyé ọjọ́un. Mo jẹ ẹ́. Omi ń bọ́ lójú mi, wọ́n sì rò pé èéfín ni.

Láti ọjọ́ náà, wọn ò rán mi lọ wo ọ̀nà mọ́. Ọmọ wọn ti dé. Inú gbogbo ilé dùn, wọ́n ní ó ti bọ́ sí i. Èmi nìkan ni mo mọ ohun tó sọnù. Wọn ò béèrè ọmọ-ọmọ wọn rí mọ́. Bí mo bá sì ní kí wọ́n sọ̀rọ̀ ìyá mi fún mi, wọ́n á wò mí, wọ́n á rẹ́rìn-ín, nítorí ta ló ń ròyìn èèyàn fún èèyàn fúnra rẹ̀? Wọ́n kú nígbà òjò tó tẹ̀ lé e. Ojú mi ni wọ́n ń wò nígbà tí wọ́n ń lọ, ọkàn wọn sì balẹ̀, wọ́n rò pé ọmọ wọn ló dúró tì wọ́n.

Olùkọ́ ni mí ní Olódò báyìí. Nígbà tí mo wà nílé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ni, wọ́n kọ́ wa nípa bí ọpọlọ ṣe ń rántí nǹkan. Olùkọ́ wa ní ìrántí kì í ṣe fọ́tò tí a gbé sínú àpótí. Ó ní ìgbàkígbà tí a bá rántí nǹkan, ńṣe là ń tún un ṣe látìbẹ̀rẹ̀, a ó mú díẹ̀ nínú ohun tí a rí, díẹ̀ nínú ohun tí wọ́n sọ fún wa, a ó pò ó pọ̀, àwa fúnra wa ò ní mọ ìyàtọ̀. Àwọn ẹgbẹ́ mi ń kọ ọ́ sílẹ̀. Èmi ń rí Ìyá Àgbà tí wọ́n ń rún ẹ̀kọ àná sínú ìkòkò. Àpá iná náà ni mo rántí. Gbogbo ìgbà èwe mi ni mo fi fọ ewé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ yẹn, n ò fura.

Mo wọkọ̀ lọ sílé ní òpin ọ̀sẹ̀ náà, mo bi Àǹtí bóyá ìyá mi máa ń fẹ́ ẹ̀kọ fún mi. Àǹtí rẹ́rìn-ín, wọn ò mọ ohun tí mo gbé dání. “Ìyá rẹ kẹ̀?” wọ́n wí. “Kì í wọ ilé ìdáná. Ó ní èéfín ń ba aṣọ àwọn oníbàárà òun jẹ́.” Aṣọ búlúù ńkọ́? Wọ́n ní ti Ìyá Àgbà ni, pé òun ni wọ́n fi ń pọ̀n mí.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe di ẹni tí kò ní nǹkan kan. Ohun tí mo tọ́jú, tí mo fi ń sùn, kò sí ìyá mi níbẹ̀ rárá. Mi ò rí i rí. Bí òórùn omi ògì bá sì kàn mí nímú lọ́jà Olódò, obìnrin aláṣọ búlúù náà ṣì ń yọ, ó ṣì ń fẹ́ ẹ̀kọ, ọkàn mi ṣì ń sáré lọ bá a kí n tó rántí ẹni tó jẹ́. Ó ń dùn mí dé egungun. Mo mọ̀ báyìí bó ṣe ń rí kéèyàn jókòó sórí pèpéle kó máa wo ọ̀nà.

Ọmọ mi obìnrin ò tíì bẹ̀rẹ̀ pírámárì. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí a ń jẹ ẹ̀kọ, ó ní kí n sọ bí ìyá òun àgbà ṣe rí, ìyá èmi. Mo wá sọ fún un pé wọ́n ró aṣọ búlúù, pé wọ́n máa ń fẹ́ ẹ̀kọ fún mi lórí àtẹ́lẹwọ́. Mo yọ àpá iná kúrò níbẹ̀. Ó ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ. Ó ń wo ojú ọ̀run lójú fèrèsé.

“Mọ́mì,” ó wí, “èmi náà rántí wọn.”

Mo ní kó jẹ ẹ̀kọ rẹ̀ kó tó tutù.